Ọjọ́ tí Àwẹ̀ró Gbálẹ̀ ní Abúlé Ìtura

Ẹ gbé àpótí yín súnmọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó yáa wú u báyìí, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ mi bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀. Èmi Ọdẹ́jìnmí ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń rí mi lórí àga yìí, tí ẹ ń rí ọ̀pá tí mo fi ń rìn, ẹ rò pé báyìí ni wọ́n ṣe bí mi. Ẹ lọ béèrè mi lọ́wọ́ àwọn ẹfọ̀n Igbó Afẹ̀yìnrìn. Ìyẹn bí ẹ bá rí èyí tó kù láàyè nínú wọn.

Ṣùgbọ́n mi ò sọ ìtàn ẹfọ̀n lónìí. Ìtàn ọjọ́ ìgbafẹ́ ni mo fẹ́ sọ, ọjọ́ tí mo kó ìdílé mi jáde lọ wo abúlé tó rẹwà létí odò. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rín in. Mo ti bá iwin olórí mẹ́fà wọ̀yá ìjà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, omi kò bọ́ lójú mi. Ìgbafẹ́ ọ̀sán kan péré ló ba ayé mi jẹ́.

Ìyàwó mi ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó dúdú, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé mi, kò mọ ọ̀nà mìíràn ju ọ̀nà oko, ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà odò lọ. Bí mo bá ti ìgbẹ́ dé, yóò jókòó tì mí, yóò ní kí n sọ ohun tí mo rí fún òun. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ròyìn abúlé Ìtura fún un, èyí tí mo rí lókèèrè nígbà kan tí mò ń lé ẹran. Mo ní àwọn ilé ibẹ̀ tò sí etí odò, wọ́n fi oríṣiríṣi àwọ̀ kun ògiri wọn, wọ́n ya òdòdó sára ọkọ̀ ojú omi wọn, odò náà sì mọ́ débi pé èèyàn ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Àwẹ̀ró kò ti jẹ́ kí n sinmi. Nígbà tí iṣẹ́ oko dínkù lẹ́yìn ìkórè, mo ní ó dáa, a ó lọ, a ó lo ọ̀sán kan níbẹ̀, a ó jẹ, a ó mu, a ó wòran, a ó padà sílé. Inú rẹ̀ dùn, ó lọ pa aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ láró lákọ̀tun. Ọmọ wa obìnrin, Ìbídùn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín nígbà náà, kò jẹ́ kí etí adúgbò gbádùn. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń sọ fún pé àwọn ń lọ wo odò.

À bá lọ ní àwa mẹ́ta, à bá sì bọ̀ ní àwa mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ọdẹ́rónkẹ́, ló gbọ́. Ó ti kọ ọkọ, ó ti padà sílé bàbá wa, yàrá tó kọjú sí tèmi ló ń gbé títí di òní. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ọkọ ni ìyàwó ń pe arábìnrin ọkọ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí i. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ipò ọkọ yìí ṣeré. Bí Àwẹ̀ró bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo orúnkún rẹ̀ bóyá ó kan ilẹ̀ dáadáa, kó tó dáhùn. Nígbà tó gbọ́ ti Ìtura, ó béèrè irú ìgbádùn tí ìyàwó ilé fẹ́ lọ jẹ tí òun ọkọ kò ní sí níbẹ̀. Ó we gèlè, ó bọ́ síwájú wa.

Mo rí i pé àwọn àgbà kan ń wò mí pé mi ò pọ́n ẹ̀gbọ́n mi lé lẹ́nu. Ẹ gbọ́ ìtàn náà tán ná, kí ẹ tó bá mi wí.

A wọ Igbó Afẹ̀yìnrìn. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú igbó yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń rìn. Ìrù ejò ló ń ṣáájú, orí rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Ẹyẹ ń fi ìdí fò. Bí ẹkùn bá fẹ́ pa yín jẹ níbẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ó ń sá fún yín ni. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló kú síbẹ̀ nítorí pé wọn kò mọ èyí. Èmi mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tó bá kẹ̀yìn sí mi ni mo yìnbọn sí, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń lọ.

Ìgbín kan dí ojú ọ̀nà mọ́ wa. Mi ò pè é ní ìgbín kékeré o. Ìkarahun rẹ̀ ga ju àká àgbàdo lọ, itọ́ rẹ̀ sì ń ṣàn bọ̀ wá bá wa, gbogbo igi tó bá kàn ló ń fà tu. Mo yìnbọn fún un, ọta lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo sọ àdá lù ú, àdá lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ké pe orúkọ bàbá wa. Ni mo bá gbá iyọ̀ mú, mo dà á sí i lójú, ó ké, ó wọ inú ìkarahun rẹ̀ lọ, ó yí gbirigbiri bọ́ sínú kòtò. Ta ló tún lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ọdẹ yín? Inú ẹrù oúnjẹ Àwẹ̀ró ni iyọ̀ náà wà, òun ló sì nà án sí mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló dà á.

Nígbà tí igbó fẹ́ parí, a bá iwin oníbodè kan lórí àpáta. Ẹnu méjì ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan ń béèrè ọ̀rọ̀, ìkejì ń fi èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnikẹ́ni kò lè dé etí odò láìdáhùn ìbéèrè òun. Ó ní, "Kí ló wà nínú ilé yín tó ń jí ṣáájú gbogbo yín, tó ń sùn gbẹ̀yìn gbogbo yín, tí ẹ kì í kí kú iṣẹ́?"

Mo ní ìbọn mi ni. Ẹnu kejì rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ta sí mi lára. Ẹ̀gbọ́n mi ní àkùkọ ni. Ẹnu kejì tún rẹ́rìn-ín, ó béèrè bóyá a ti rí àkùkọ tó ń sùn gbẹ̀yìn rí. A dúró síbẹ̀, a ń ronú, oòrùn ń pa wá. Nígbà tó pẹ́, Àwẹ̀ró sọ ọ́ jẹ́jẹ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. "Èmi ni." Ẹnu méjèèjì padé lẹ́ẹ̀kan náà. Iwin náà dìde, ó foríbalẹ̀ fún ìyàwó mi, ó sì yà kúrò lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ó ní ṣé níwájú iwin ló yẹ kí ìyàwó ti máa ro ẹjọ́ ilé ọkọ. Títí a fi dé Ìtura ló ń rojọ́ yẹn, Àwẹ̀ró sì ń bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, abúlé Ìtura dára. Mo lè bínú sí i títí n óò fi kú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ilé ibẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí omi. Igi àgbọn tẹ̀ bo etí odò. Àwọn ará ibẹ̀ jọ èèyàn, àfi irun orí wọn tó tutù yọ̀yọ̀ bí ewéko inú odò, bí wọ́n bá sì ń rìn, ẹ kò ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Wọ́n sáré pàdé wa, wọ́n gba ẹrù lórí wa, wọ́n gbé àga fún wa. Olórí wọn jẹ́ ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Etídò. Òun fúnra rẹ̀ ló bu omi tútù fún wa mu, ó sì kìlọ̀ fún wa ketekete, gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ẹ jẹ, ẹ mu, ẹ ṣeré. Ẹ má fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan o. Ẹni tó bá gbá ilẹ̀ wa, ará ilé wa ni."

Mo ní a dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní a dúpẹ́.

Ọ̀sán yẹn dùn. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé wa yí odò ká. Ẹja ń yọ orí sókè kí ọmọ mi, ó ń fi ọwọ́ pa wọ́n lórí, wọ́n ń dijú. Wọ́n sun ẹja fún wa, wọ́n gbé èkuru àti omi àgbọn wá. Àwẹ̀ró jókòó sí etí odò, ó na ẹsẹ̀ sínú omi, àwọn ẹja kéékèèké ń jẹ ẹ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn lélẹ̀. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìbídùn sáré wá bá mi, ó ní kí n wá wo màmá òun.

Àwọn ìyá àgbà abúlé náà mú ìgbálẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ojúde. Ẹ̀gbọ́n mi, tó fẹ̀ sórí àga pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́, wo àwọn àgbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìyàwó tó na ẹsẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó pe Àwẹ̀ró wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ láàárín eyín.

"Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé yín nìyẹn? Àgbà ń gbálẹ̀, o na ẹsẹ̀ bí ọba. Lọ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, má dójú tì wá."

Àwẹ̀ró rán an létí ohun tí Ìyá Etídò sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo onílé ń sọ fún àlejò, pé ọmọ tí wọ́n bá kọ́ ire yóò dìde bó ti wù kí wọ́n sọ fún un tó kó jókòó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Wọn yóò ní kí ìyàwó jókòó, bó bá sì jókòó, wọn yóò sọ ọ́ káàkiri ìlú. Àwẹ̀ró wo ojú mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹja wà lẹ́nu mi, eegun rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Kí n tó gbé e mì, ó ti lọ gba ìgbálẹ̀.

Ó gbálẹ̀ náà bó ti ń gbá ilẹ̀ ilé wa, láti ẹnu ọ̀nà dé etí omi, kò fi ewé kan sílẹ̀. Bó ti parí, àwọn obìnrin abúlé náà dìde lápapọ̀. Wọ́n bu omi, wọ́n fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí a ti ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun. Mo rò pé wọ́n fi ń kí i kú iṣẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ń mi orí, ó ní ṣé mo rí i báyìí, pé wọ́n ń yẹ́ wa sí nítorí ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ ìyàwó mi.

Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, mo ní ká máa lọ. Àwẹ̀ró gbé ẹrù, ó tẹ̀lé wa. Nígbà tó dé ibi tí ilẹ̀ tó gbá parí sí, tó gbé ẹsẹ̀ kó kọjá, a rí i pé àwọn ilé abúlé náà ni ó kọjú sí. Ó tún yí padà, ó tún gbé ẹsẹ̀, ó tún kọjú sí wọn. Ìbídùn fà á lọ́wọ́, ọwọ́ ń bọ̀, ẹsẹ̀ kò bọ̀. Mo wo irun rẹ̀ lábẹ́ gèlè, ó ti ń tutù bí ewéko.

Ẹ kò tíì rí mi nínú ìbínú. Mo gbé ìbọn, mo fà á, omi ló tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo pe gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, èyí tí mo fi ń dá ẹkùn dúró, ọ̀rọ̀ náà jábọ́ sínú odò, ẹja gbé e mì. Mo bá gbogbo ọ̀dọ́kùnrin abúlé náà jà, mo sì dá gbogbo wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Mo gbé ọ̀kan sọ sórí igi àgbọn. Nígbà tí mo dá èyí tó kẹ́yìn tán, mo wẹ̀yìn, ìyàwó mi ṣì dúró síbi tó wà.

Ìyá Etídò kò bínú. Ó ní òun ti kìlọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló mú iṣẹ́ náà, ó di ìyàwó ilé àwọn, kò sì sí ohun tí òun lè ṣe sí i. "Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló rán an, kí ẹni náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó gbá, kó ní, 'Èmi ni mo rán ọ.' Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tú. Kó ṣe é kí oòrùn tó wọ odò."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó mi. Mo dìde, mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo rán ọ. Ilẹ̀ kò mì. Ìyá Etídò ní ilẹ̀ àwọn kì í gba irọ́, pé ó mọ ohùn ẹni tó rán an. Gbogbo wa wo ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, "Èmi? Èmi ni mo fi ìgbálẹ̀ sí i lọ́wọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni."

Ó ní, "Èmi tí mo bu omi sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tó wọ ilé bàbá mi, èmi tó ń pè ní ọkọ, kí n kúnlẹ̀ fún un níwájú iwin? Kí n padà sílé, kó máa wò mí lójú? Mi ò rán ẹnikẹ́ni."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ìbídùn dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pè é ní Ìyá mi àgbà, ó ní òun ni òun yóò máa kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo rí i tí orúnkún ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ díẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí i. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin abúlé náà wúkọ́, ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ó rí i pé gbogbo wọn ń wo òun, ó sì nàró.

Ìyá Etídò wá kọjú sí ìyàwó mi. Ó ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó rán an, pé bóyá ìyẹn yóò mú ẹni náà jẹ́wọ́. Àwẹ̀ró wo ẹ̀gbọ́n mi. Kò sunkún. Ó ní, "Bí ọkọ mi bá ní àwọn kò rán mi, wọn kò rán mi."

Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn o. Ẹ̀kọ́ tí à ń yìn nìyẹn. Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ gbé e pọ̀n.

Oòrùn kan odò. Gèlè bọ́ lórí rẹ̀, irun rẹ̀ tutù látòkèdélẹ̀. Ó wọ ilé, ó jáde, ó di ẹja sísun sínú ewé fún wa, ó kúnlẹ̀ gbé e fún mi bí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún àlejò tó ń lọ. Ó kí mi kú ìrìn, ó ní kí n bá òun kí ará ilé. Kò pè mí ní Bàbá Ìbídùn mọ́. Nígbà tó kan ọmọ rẹ̀, ó dì í mú, ó sọ nǹkan sí i létí, lẹ́yìn náà ló tì í sí mi lára, tó yíjú sí ilé.

Lójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé a ó fẹ́ òmíràn. Ó ní èyí tó ń bọ̀ yóò mọ̀wàá hù ju èyí lọ. Mo gbé ọmọ mi pọ̀n. Mo ti padà síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti wá a títí ẹsẹ̀ mi fi bàjẹ́ báyìí. Mo rí odò, mo rí igi àgbọn, mi ò rí ilé kankan.

Ìbídùn ti wà nílé ọkọ báyìí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, mo tẹ̀lé àwọn obìnrin tó ń sìn ín lọ, wọ́n ní bàbá ìyàwó kì í sin ọmọ rẹ̀, mo ní kí wọ́n gbẹ́nu dákẹ́. Nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ nawọ́ akèrègbè sí i pé kó lọ pọnmi, mo dìde láàárín àwùjọ, mo ké e sókè pé èmi Ọdẹ́jìnmí ni mo rán an, iṣẹ́ yòówù tó bá ṣe nínú ilé yìí, èmi ni mo rán an. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹmu ti pa mí. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, mo gbọ́," ó sì gbé akèrègbè lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, bí ẹ bá rán ìyàwó ọmọ yín níṣẹ́, ẹ sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Mi ò ní ìmọ̀ràn mìíràn fún yín. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú yàrá rẹ̀ lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ. Nígbàkígbà tí mo bá sọ ìtàn yìí dé ibí yìí, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀, bóyá yóò jáde wá sọ pé òun ló rán an. Ẹ jẹ́ ká dákẹ́.

Ó dáa. Ẹ dìde, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀.